Wọ́n ní AA lọkọ mi, ọmọ wa wá jẹ́ SS. Ẹ gbà mí o

Ẹ káàsán ẹ̀yin èèyàn mi, ádímíìn ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé orúkọ mi jáde. AS ni mí, mo ti mọ̀ látìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Ká tó ṣègbéyàwó ní 2019 ṣọ́ọ̀ṣì ní ká lọ ṣe jẹ́nótáìpù, ọkọ mi ṣe tiẹ̀ ní ọsibítù kan nítòsí ibiṣẹ́ ẹ̀, wọ́n ní AA, dókítà fọwọ́ sí i, ó tún ń rẹ́rìn-ín pé ẹ lọ máa bímọ yín jàre. Àkọ́bí wa ò ní wàhálà kankan. Èyí èkejì ló pé oṣù mẹ́sàn-án tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ wú bíi gààrí tó wà lómi, tá a bá fọwọ́ kàn án lásán igbe ni. Dókítà ní eyín ló ń hù, ó fún wa ní pàrásítámọ́ọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún wú. Ọsibítù míì la ti wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò: SS, ìyẹn sickle cell.

Ọjọ́ mẹ́ta lọkọ mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀, ọjọ́ kẹrin ló bi mí pé ta ló lọmọ. Ìyá ẹ̀ ti ń pè mí lórúkọ tí mi ò lè kọ síbí. Mi ò mọ ọkùnrin míì rí látọjọ́ tó ti fẹ́ mi. Ṣé dókítà lè ṣì í bẹ́ẹ̀? Èsì SS yìí gan-an, ṣé kí n gbà á gbọ́?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ ìyàwó mi. Má dá ìyá ọkọ ẹ lóhùn rárá. Ọmọ ni kó o kọ́kọ́ tọ́jú.

Ọmọ Láàbù: Àǹtí, láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ń ṣẹlẹ̀ o. A máa kán ẹ̀jẹ̀ sórí pépà kékeré kan, a á fi iná mànàmáná sí i, ẹ̀jẹ̀ á máa rìn, ibi tó bá dúró sí la ó kà. Tí NEPA bá mú iná lọ lágbedeméjì, tẹ́ni tó ń kà á bá ń kánjú, tàbí tí wọ́n pààrọ̀ orúkọ ara ìgò, AS á di AA lórí ìwé. S kan wá látọ̀dọ̀ yín, S kejì ọ̀dọ̀ bàbá ló ti ń wá, torí náà bọ́mọ bá jẹ́ SS lóòótọ́, ìwé ọkọ yín ló parọ́. Kí ọkọ yín àtọmọ tún un ṣe, ẹ sọ pé HPLC lẹ fẹ́, ẹ̀rọ ló fi ń yẹ jẹ́nótáìpù wò. Sickle Cell Foundation tó dojú kọ LUTH, ọsibítù yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà máa ń ṣe é. Ṣé wọn ò tíì fa ẹ̀jẹ̀ sọ́mọ lára? Tí wọ́n bá ti fà á, ẹ ní sùúrù bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì lẹ máa kà.

Alágbo Ìlú: Ìdí tí mi ò fi ń lọ ọsibítù nìyẹn. Àgbo ni tèmi.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Bọ̀dá mi, àgbo ò mọ jẹ́nótáìpù kà o. Ìyá ọmọ, eyín kì í wú ọwọ́ àtẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó dùn mí pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Láàárín oṣù mẹ́fà sọ́dún méjì ni wíwú yìí sábà máa ń kọ́kọ́ fara hàn, torí ẹ̀jẹ̀ tọ́mọ gbé wá láti inú ìyá ẹ̀ ṣì ń dáàbò bò ó kó tó dìgbà yẹn. Ẹ bi dókítà nípa pẹnisílínì ojoojúmọ́ títí ọmọ á fi pé ọdún márùn-ún, fọ́líìkì ásíìdì, àti oògùn tí ò ní jẹ́ kí ibà mú un. Tára ẹ̀ bá gbóná dé 38, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, òru ni o, òjò ni o. Èmi náà ń bọ̀wọ̀ fún dókítà, mo bá wọn ṣiṣẹ́ pẹ́, àmọ́ tó bá ti ní eyín ni, ẹ bi í pé kí ló tún lè jẹ́. Èyí tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ wá òmíì.

Bàbá Káyọ̀dé: Ẹ tọ́jú ìwé 2019 yẹn o! Fọ́tòkópì ni kẹ́ ẹ mú lọ síbi tẹ́ ẹ bá ń lọ. Ẹjọ́ dókítà, MDCN, àjọ tó ń bójú tó àwọn dókítà, lẹ máa gbé e lọ. Ti láàbù, MLSCN, àjọ tó ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ láàbù. Tó bá jẹ́ Èkó ni ọsibítù náà wà, HEFAMAA náà wà, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó àwọn ọsibítù.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ọkọ mi ti gbà, Tuesday la ń lọ. Mo wá fa ìwé yẹn yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ àná torí ọ̀rọ̀ Bàbá Káyọ̀dé. Orúkọ ọkọ mi ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sí i ni 52. Ọkọ mi ò tíì pé 30 nígbà yẹn, àwa méjèèjì ò sì rí i látọjọ́ yìí.