Báwo ni mo ṣe lè to àwòrán Enceladus mẹ́ta lé ara wọn kí wọ́n bára mu?

Ẹ̀yin onímọ̀ àwòrán ojú ọ̀run, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Kétu, mo sì fẹ́ tẹ àwòrán aláwọ̀ Enceladus, òṣùpá oníyìnyín tó ń yí Saturn po, fún ògiri kíláàsì wa. Ọkọ̀ òfuurufú Cassini, tó wà ní àyíká Saturn láti 2004 títí di 2017, ló ya èyí tí mò ń lò. Dúdú-àti-funfun ni kámẹ́rà rẹ̀ ń yà, láti ẹ̀yìn gíláàsì aláwọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, nítorí náà mò ń to ti pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù lé ara wọn nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe.

Nítorí pé ọkọ̀ náà ń sáré bó ti ń yàwòrán, òṣùpá náà kò tóbi bákan náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí mo bá mú etí òsì bára mu, ìlà pupa tín-ín-rín á yọ létí ọ̀tún. Mo fẹ ti búlúù díẹ̀ títí etí méjèèjì fi ṣe déédéé, síbẹ̀ àwọn ìlà sísán gígùn tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù, níbi tí omi dídì ti ń tú jáde, ṣì ń hàn ní méjì-méjì. Mo yí àwòrán náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò ràn án. Lójú tèmi, igun tí ọkọ̀ fi ń wò ó ló ti yí padà.

Ṣé ọ̀nà kan wà nínú GIMP láti fa àárín àwòrán bára mu láìba etí rẹ̀ jẹ́, àbí dandan ni kí n kọ́kọ́ fi ISIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń sọ àwòrán ojú ọ̀run di máàpù, tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí máàpù kan náà?