Eré sísá lórí afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí láàárọ̀ Sátidé: kí lojú yín ti rí níbẹ̀?

Bọ̀dé_Súrúlérè
Ẹ kú òpin ọ̀sẹ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ sáré lórí bíríìjì yẹn, ẹ wá sọ tẹnu yín. Sátidé tó kọjá, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kún débi pé kò sáyè mímí. Níwájú mi, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n ń rìn gbẹ̀fẹ́, wọ́n dínà pa. Lẹ́yìn mi, ẹnìkan ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀ sí mi lọ́rùn. Mo ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi." Ọ̀kan bojú wẹ̀yìn, ó ní ṣé bàbá mi ló kọ́ bíríìjì ni. Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

Àdùkẹ́_kò_sùn
Ò bá sọ fún un pé owó orí bàbá ẹ wà nínú ẹ̀ 😂😂

Ọmọ_Ìbàdàn
Ayàwòrán ti pọ̀ ju asáré lọ níbẹ̀. Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, ìyàwó tuntun àtọkọ ẹ̀ dúró sáàárín ọ̀nà, ẹni tó ń yà wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ẹni tó ń kí Olúbàdàn, torí ó fẹ́ kí àwọn okùn irin ńlá yẹn hàn lókè orí wọn. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni mo fò kọjá.

Ìyá_Ìbejì_Agége
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ti ẹni tó dínà kọ́ ló ń dùn mí. Lẹ́yìn tí mo bí àwọn ọmọ, mo sanra, ẹ̀jẹ̀ mi sì ń ga, dókítà ní kí n máa rìn, kí n máa sáré díẹ̀díẹ̀. Ilé àbúrò mi ní Lẹ́kí ni mo máa ń sùn lálẹ́ Fúráìdè kí n lè tètè débẹ̀. Mo wọ ṣòkòtò gbọọrọ, mo wọ bùbá ńlá lé e, mo dé fìlà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan fara ti irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń kígbe pé "Mọ́mì, ẹ rọra o, kí bíríìjì má wó!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan yọ fóònù, ó ń ká mi sílẹ̀.

Mo dúró. Mo lọ bá a, mo ní kó pa á rẹ́ níṣojú mi. Ó ní eré ni. Mo ní eré ta ni? Bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń sáré bọ̀ láti apá Ìkòyí wá dúró tì mí. Wọn ò sọ ju "Pa á rẹ́, ọmọ mi" lọ. Ó pa á rẹ́. Látìgbà náà, tí bàbá yẹn bá ti rí mi, wọ́n á nawọ́ sókè, èmi náà á nawọ́. Mi ò morúkọ wọn.

Ṣadé_Lọ́ńdọ́ọ̀nù
Ẹ kú ìgboyà, ẹ̀gbọ́n. Inú bí mi bí mo ṣe ń kà á.

Àkànní_Ọ̀tà
Ọlọ́run á dá ẹ̀mí bàbá yẹn sí.

Tọ́ba_Yábàá
Kò dáa rárá. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ò sáré ládùúgbò yín? Ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láìfara kanra.

Ìyá_Ìbejì_Agége
Àbúrò, ojú ọ̀run nìyẹn. Ládùúgbò mi, tílẹ̀ ò bá tíì mọ́, ajá àtàwọn tó ń já fóònù gbà ni mo máa ń bá pàdé. Èrò tẹ́ ẹ̀ ń ráhùn sí yẹn gan-an ló ń fi mí lọ́kàn balẹ̀. Tí mo bá ṣubú, wọ́n á gbé mi. Tẹ́nìkan bá fẹ́ ṣe mí léṣe, wọ́n á rí i. Ẹ̀yin ọkùnrin lẹ lè wá ọ̀nà tó dá lọ.

Híjáàbù_àti_kánfáàsì
Òótọ́ pọ́ńbélé! Ọmọbìnrin kan dákú níwájú mi lọ́jọ́ kan. Ká tó ṣẹ́jú, nọ́ọ̀sì kan ti jáde láàárín èrò, ẹlòmíì gbé omi wá, àwọn ọkùnrin fi ara ṣíji bò ó kí oòrùn má pa á. Lọ́nà tó dá, ta ni ì bá rí i?

Fẹ́mi_ẹlẹ́sẹ̀_ehoro
Ẹ kàn ń ráhùn ni. Èmi sá kìlómítà 10 níbẹ̀ láìdúró.

Ọmọ_Ìbàdàn
Bíríìjì yẹn ò ju kìlómítà 1.36 lọ. Àlọ àtàbọ̀ ò tó 3. O lọ, o bọ̀, bí ìgbà mẹ́rin láàárín èrò, o ò dúró?

Fẹ́mi_ẹlẹ́sẹ̀_ehoro
Aago márùn-ún ni mo bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Ìbàdàn
Ẹn-ẹ́n! Sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá_Àlàbí
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kẹ́ni tó ń rìn fara mọ́ irin, kẹ́ni tó ń sáré gba inú. Ẹ má tò ju méjì lọ. Nígbà tí ìmọ́tótó ìparí oṣù ṣì wà, tí ọkọ̀ kì í rìn láti aago 7 sí 10, àárín títì la ti máa ń sáré ní Súrúlérè, àwọn ọmọdé á máa gbá bọ́ọ̀lù. Ìjọba Èkó fòpin sí i ní 2016. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sáré létí títì, ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ gbà.

Tọ́ba_Yábàá
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣebí ọ̀tún lọkọ̀ ń gbà?

Bàbá_Àlàbí
Ìdí rẹ̀ nìyẹn! Látọdún 1972 tí Nàìjíríà ti kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọ̀tún, òsì ni kẹ́lẹ́sẹ̀ gbà, kójú ẹ̀ lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó kẹ̀yìn sí dánfó ti fẹ̀mí ara ẹ̀ lé dírẹ́bà lọ́wọ́.

Ṣadé_Lọ́ńdọ́ọ̀nù
Ẹ ṣeun, Bàbá. Òsì lọkọ̀ ń gbà lọ́dọ̀ tiwa, torí náà ọ̀tún lèmi ń gbà. Tó bá di etí omi Regent's Canal, kò sọ́kọ̀, oníkẹ̀kẹ́ ni ìṣòro. Ọ̀nà á dín gan-an lábẹ́ afárá, wọ́n á máa lu aago gbinrin-gbinrin. Ẹlẹ́sẹ̀ ni òfin ibẹ̀ kọ́kọ́ dá lọ́lá, àmọ́ oníkẹ̀kẹ́ tó ń kánjú ò rántí.

Bọ̀dé_Súrúlérè
Òsì! Mo ti gbọ́, Bàbá.

Ìyá_Ìbejì_Agége
Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́fà, mo máa wà lẹ́nu ọ̀nà Admiralty. Obìnrin tó bá fẹ́ bá mi sá kó wá. A máa tò tẹ̀lé ara wa ni.

Àdùkẹ́_kò_sùn
Ẹ kà mí mọ́ ọn. Bàtà ni mi ò tíì ní.

Híjáàbù_àti_kánfáàsì
Lọ sí ọjà Kàtàǹgúwà, òkìríkà tó nípọn ló pọ̀ níbẹ̀. Tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ dáadáa kó o tó sanwó. Nọ́ńbà mélòó lò ń wọ̀?

Àdùkẹ́_kò_sùn
41. Ẹ má rẹ́rìn-ín.