J. C. Daniel tí wọ́n fi sọ àwọ́ọ̀dù ní Kerala, ta ni?

ỌmọAláriyá: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará ilé, àwọ́ọ̀dù J. C. Daniel táwọn ará Kerala ní Íńdíà ń pariwo yìí, ṣé òṣèré ni bàbá yẹn ni àbí kí ló ṣe gan-an?

BàbáSinimá: Dókítà eyín ni o! Òun ló ṣe fíìmù àkọ́kọ́ ti Malayalam, ìyẹn èdè àwọn ará Kerala, fíìmù tí ò lóhùn ni, ó ta ilẹ̀ ẹ̀ kó tó rówó ṣe é, òun ló darí ẹ̀ òun náà ló tún ṣeré nínú ẹ̀, owó yẹn wọgbó, ìgbà tó fi máa kú ní 1975 ẹnikẹ́ni ò yẹ́ ẹ sí. 1992 nìjọba wá dá àwọ́ọ̀dù sílẹ̀ lórúkọ ẹ̀.

Ìyá Rónkẹ́: Ẹ má gbàgbé P. K. Rosy o. Òun lolórí òṣèrébìnrin inú fíìmù yẹn, àmọ́ torí pé ọmọ ẹ̀yà tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ló wá ṣe ọmọ ilé ọlá, wọ́n sọ òkò lu aṣọ sinimá, wọ́n sun ilé ẹ̀, ló bá sá lọ Tamil Nadu, ìpínlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kerala. Lójú tèmi ó yẹ kórúkọ ẹ̀ náà wà lára àwọ́ọ̀dù yẹn.

ỌmọAláriyá: Háà! Ẹ ṣé mà. Òṣèré nìkan ni wọ́n ń fún?

BàbáSinimá: Rárá àbúrò, P. Jayachandran tó gba ti 2020, olórin ni. 500,000 rúpì lowó ẹ̀.