Ẹ jẹ́ ká pè é ní Madeleine

Ẹ̀gbọ́n, mo rí bẹ́ ẹ ṣe túmọ̀ àkọlé àwòrán tí Marie-Guillemine Benoist, ayàwòrán ará Faransé, yà ní Paris lọ́dún 1800 sí Yorùbá, "Àwòrán Elépo ti Ẹrúbìnrin Kan". Ẹ má bínú o, mi ò lè gbà á bẹ́ẹ̀.

"Elépo" kọ́kọ́ ná. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ fún àwọn ìyá wa, ohun tó máa yé wọn ni pé epo pupa ta sí i. Òróró ni wọ́n fi ń po ọ̀dà tí wọ́n fi yà á, torí náà "ọ̀dà olóróró" ló tẹ́ mi lọ́rùn.

Àmọ́ "ẹrúbìnrin" yẹn ló dùn mí jù. Àkọlé ìgbà yẹn ò tiẹ̀ pè é lẹ́rú, ó kàn ní obìnrin dúdú kan ni, lọ́rọ̀ Faransé tó ti di èébú báyìí. Ilẹ̀ Faransé ti fòfin de ẹrú níní látọdún 1794, ọdún 1802 ni Napoleon tó dá a padà, ẹ wá wo àárín ibi tí ọdún 1800 bọ́ sí! Ará Guadeloupe ni obìnrin yìí, ọmọ ọ̀dọ̀ àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ Benoist, ó sì lé ní igba ọdún tó fi wà lára ògiri láìlórúkọ, àfi lọ́dún 2019 tí wọ́n ṣe àfihàn kan ní mùsíọ́ọ̀mù Orsay tí wọ́n wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé Àwòrán Madeleine. Ṣé àwa la máa wá gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ padà?

Àwọn kan tún ní ká pe irú àwòrán tí wọ́n fi ń ya ẹnì kan pàtó báyìí ("portrait" lédè òyìnbó) ní "àwòrán ojú". Ojú nìkan kọ́ o, ó jókòó sórí àga, aṣọ funfun ló wé mọ́rí, ọmú kan wà níta, ó ń wò wá ṣáá. Tá a bá sọ pé àwòrán Awólọ́wọ̀, ta ló ń béèrè pé irú àwòrán wo? Àwòrán àti orúkọ ẹni ti tó.

"Ayàwòrán" náà ò nílò "bìnrin" lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ wa ò yà akọ yà abo. Pé obìnrin ni Benoist ṣe pàtàkì gan-an, torí nígbà tí ọkọ ẹ̀ dé ipò ńlá lábẹ́ ọba Faransé, ńṣe ni wọ́n ní kó má gbé iṣẹ́ ẹ̀ síta mọ́, àmọ́ inú àlàyé nìyẹn yẹ kó wà.

Àwòrán Madeleine, ọ̀dà olóróró, Marie-Guillemine Benoist, 1800. Bí màá ṣe kọ ọ́ nìyẹn, ẹni tó bá ní èyí tó dáa ju "olóróró" lọ kó mú un wá.