Ta ló ń yára nínú "awò ayára"?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìjíròrò lórí orúkọ Yorùbá fún ohun èlò fọ́tò.

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìbàdàn ní ká máa pe lẹ́ńsì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, irú f/1.4 (nọ́ńbà yìí ń sọ bí ojú ihò lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó; bó bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń fẹ̀ tó), ní "awò ayára". Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń yára? "A-" yẹn ló ń bí mi nínú. Ẹni tó bá so ó mọ́ "yára" ti sọ pé ohun náà fúnra rẹ̀ ló ń sáré. Awò kì í sáré, ojú rẹ̀ ló fẹ̀. Lẹ́ńsì 50 mm tí a ṣí dé f/1.4, ojú ihò rẹ̀ tó 36 mm, ní f/2.8 kò ju 18 lọ. Ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin ló gbà wọlé, ìyẹn ni kámẹ́rà fi lè ṣẹ́jú, ìyẹn kó ṣí kó sì tún padé, láàárín ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú-àáyá níbi tí ì bá ti lo ìdá kan nínú 30. Ṣíṣẹ́jú ló yára. Gẹ̀ẹ́sì ló gbé orúkọ yẹn fún awò: "fast lens". Àwa ará Kétu ní ilẹ̀ Benin ń gbọ́ Faransé: "objectif lumineux", lẹ́ńsì onímọ́lẹ̀, ni wọ́n ń pè é, wọn ò dárúkọ eré rárá.

"Awò afẹjú" ni tèmi. Ohùn ìsàlẹ̀ ara "fẹ̀" ń di àárín níwájú "ojú", bó ṣe yẹ kó rí. Ìyá mi àgbà tí kò wọ ilé ìwé rí máa ń sọ pé "má fẹjú mọ́ mi". Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ì bá gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ náà sì gbé àléébù rẹ̀ dání. Ẹni tó fẹjú toto mọ́ nǹkan kan kì í rí èkejì. Mo gbé irú lẹ́ńsì yìí lọ síbi Ẹ̀fẹ̀, eré òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, mo dúró bíi mítà kan sí eléré. Ní f/1.4, ibi tó hàn kedere kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ. Ìpéǹpéjú ère tó gbé sórí hàn, mo rí ipa ọ̀bẹ nínú ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, àmọ́ ejò tó lọ́ mọ́ ọn lórí ti di èéfín. Igun fọ́tò ṣókùnkùn, àwọn iná ẹ̀gbẹ́ yọ ìyẹ́ bí ẹyẹ, etí aṣọ funfun sì gba àwọ̀ àlùkò. Mo fún ojú rẹ̀ pọ̀ sí f/2.8: ejò bẹ̀rẹ̀ sí í padà, ṣùgbọ́n ìrùkẹ̀rẹ̀ tó ń jù di òjìji, nítorí kámẹ́rà ti ń pẹ́ kó tó ṣẹ́jú. Èwo nínú èyí ni "ayára" sọ fún ọmọ tó fẹ́ ra lẹ́ńsì? Èrè nìkan ló dárúkọ.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé láti Ṣábẹ̀ẹ́, tiyín kò tíì tán. "Awo ayara" lẹ kọ, láì fi àmì kankan sí i. Ẹni tó bá kà á ní Àjàṣẹ́ á rò pé awo onífá kan ló ń sáré. Ẹ fi àmì sí i kí ẹ tó bá mi jiyàn.