Kí ni fáírọ́ọ̀sì ń bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ewé?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, kí ló fà á tí ewé tábà tí fáírọ́ọ̀sì mósáíìkì bá kọlù fi ń ní àbàwọ́n?

Ìdáhùn kìíní: Kílórópíláàsì, níbi tí ewé ti ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, ló ń bàjẹ́, ni àwọ̀ ewé fi ń ṣí.

Ìdáhùn kejì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí fáírọ́ọ̀sì náà ṣe ń rìn láti sẹ́ẹ̀lì dé sẹ́ẹ̀lì ló yà mí lẹ́nu jù. Ihò tó so sẹ́ẹ̀lì kan mọ́ èkejì kò gba fáírọ́ọ̀sì yìí, tó rí bí ọ̀pá tín-ín-rín, tí gígùn rẹ̀ tó 300 nánómítà (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan mítà), nítorí náà ó ń ṣe purotéènì kan tó ń fẹ ihò náà, kí RNA rẹ̀, ìyẹn èròjà tó gbé ìtọ́ni àbùdá rẹ̀, lè kọjá.

Ìdáhùn kẹta: Ẹyọ fáírọ́ọ̀sì yìí kan kò ṣeé fojú rí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó jọ, wọn a di kírísítálì onígun mẹ́fà tí máíkírósíkóòpù lásán ń fi hàn.