Ọjọ́ tí àṣìṣe kọ̀ tí kò dínkù mọ́: ẹ sọ tiyín

Atọ́ka: Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ti bá LDPC tàbí turbo code, àwọn kóòdù tó ń tún àṣìṣe ṣe nínú dátà tí a fi ránṣẹ́, jẹun pọ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ fi agbára kún àmì, àṣìṣe ń já wálẹ̀ bí omi orí àpáta. Ẹ tún fi díẹ̀ kún un, ó jókòó. Error floor. Ibo ló ti bá yín?

Alágbẹ̀dẹBíìtì: Ọdún kejì másítà mi nílùú òyìnbó. Ó ń lọ geere títí dé 10⁻⁶ (àṣìṣe kan nínú mílíọ̀nù kan), ó bá dúró. Mo ní kóòdù ni kò dáa. Mo ya tuntun mẹ́ta, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó sí. Oṣù méjì gbáko! Ọ̀gá mi wò ó fẹ́rẹ́, ó ní bíìtì mélòó ni mo fi ń kọ iye tí dikódà, ìyẹn ohun tó ń tú kóòdù, ń gbà kiri. Márùn-ún ni. Ìyẹn ni pé ohunkóhun tó bá ti ju 15 lọ, mo ti gé e lórí. Àwọn bíìtì tó ṣìnà ti kó ara wọn jọ, wọ́n ń jẹ́rìí fún ara wọn, àwọn ará ìta tó fẹ́ bá wọn wí ò sì lè kígbe ju 15 lọ. Mo sọ ọ́ di méje, ilẹ̀ náà jìn wọlẹ̀. Mo sunkún, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Wòóre: Oṣù méjì nítorí bíìtì méjì 😂😂

ÌyáÌbejì_RF: Jẹ́ ó sinmi o jàre, ó ti ṣe mí rí. Alágbẹ̀dẹ, ẹgbẹ́ ajẹ́rìí-fúnra-wọn tí ẹ sọ yẹn ni àwọn olùwádìí MacKay àti Postol rí nínú kóòdù LDPC kan tó ń jẹ́ Margulis ní 2003. Bíìtì 12 ló ṣì, nínú ìdánwò 1320 tí kóòdù náà fi ń yẹ bíìtì wò, mẹ́rin péré ló ta wọ́n lólobó. Ọdún yẹn náà ni olùwádìí mìíràn, Richardson, pè é ní trapping set.

Mi-ò-gbà: Ẹ dúró ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ rí floor, àṣìṣe mélòó lẹ kà? Mẹ́ta? Ìyẹn kì í ṣe ilẹ̀, àlá ni.

Alágbẹ̀dẹBíìtì: Fírémù (ìdì bíìtì) 112 ló ṣì. Mo kà á, mo tún un kà.

AgbáKọ̀ǹpútà: Kíkà ni wàhálà. Kéèyàn tó rí àṣìṣe 100 ní 10⁻¹², bíìtì 10¹⁴ ni. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe mílíọ̀nù 10 ní ìṣẹ́jú àáyá, nǹkan bí ọjọ́ 116 nìyẹn. Ọjọ́ 19 ni tèmi lò kí iná tó lọ. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́.

Wòóre: Àwọn oníná gan-an ni floor.

AgbáKọ̀ǹpútà: Jẹnẹrétọ̀ ni. Àbúrò mi ló gbàgbé epo.

Olówò_Sáyà: Ẹ dákun, ṣé òun ló ń jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n mi ṣókùnkùn tí òjò bá ti ṣú?

ÌyáÌbejì_RF: Rárá o, àbúrò. Òjò ló jẹ àmì yẹn. Ìgbà tí àmì dáa ni floor máa ń báni. DVB-S2, ìlànà tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì, tiẹ̀ fi kóòdù mìíràn tó ń jẹ́ BCH ti LDPC lẹ́yìn, kó lè gbá ìwọ̀nba àṣìṣe tó bá ṣẹ́ kù.

Mi-ò-gbà: Àbùlẹ̀! Kóòdù tó mọṣẹ́ ò nílò ọmọ ọ̀dọ̀.

ÌyáÌbejì_RF: Ta ló ń gbálẹ̀ nílé tiyín?

Mi-ò-gbà: Kí ló kan ilé mi? 10GBASE-T, ìlànà nẹ́tíwọ̀kì oníwáyà, ò ní BCH, ó ń ṣiṣẹ́.

AgbáKọ̀ǹpútà: Kóòdù LDPC oníbíìtì 2048 ni, àbí? Àwọn ará yunifásítì Berkeley gbé e sórí FPGA (ṣíìpù tí èèyàn lè tún tò fúnra rẹ̀), wọ́n sì bá àwọn bíìtì mẹ́jọ-mẹ́jọ tó dì mọ́ra wọn níbẹ̀. Ilẹ̀ wà, ó kàn jìn ni.

Ọmọ300L: Ẹ̀yin àgbà, ṣé kí n kúkú gba ọ̀nà polar, irú kóòdù mìíràn yẹn, lọ?

Alágbẹ̀dẹBíìtì: LDPC ló ń gbé dátà 5G, control (àwọn àṣẹ ìdarí) ni polar ń gbé. Ṣáà kọ́ méjèèjì.

Atọ́ka: Kí la tiẹ̀ máa pè é ní Yorùbá? Ilẹ̀ àṣìṣe?

Wòóre: Ilẹ̀ àṣìṣe ni èyí tí ọmọ onílẹ̀ tà fún èèyàn mẹ́ta.

Olówò_Sáyà: Ẹ má dárúkọ ilẹ̀ fún mi o. Ìkòròdú. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi...